Ìdí Tí Lọ́ọ̀rì Bàbá Mi Fi Ń Hu Lórí Òkè

Ní tẹ́ẹ̀mù tó kọjá, nígbàkígbà tí lọ́ọ̀rì kan bá ń hu bọ̀ lójú ọ̀nà Ìkàrẹ́, gbogbo kíláàsì wa ló máa ń yíjú wò mí. Lọ́ọ̀rì bàbá mi ni. Àwọn kan tiẹ̀ sọ mí ní "Ọmọ Lọ́ọ̀rì Tó Ń Sunkún". Mo máa ń bá wọn rẹ́rìn-ín, àmọ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀rín nílé wa, torí lọ́ọ̀rì yẹn ló ń san owó ilé ìwé èmi àti àwọn àbúrò mi méjì. Ní báyìí tí kò hu mọ́, olóòtú wa ní kí n ṣàlàyé ohun tó ṣe é àti bí a ṣe tún un ṣe. Ẹni tó bá ń ṣe Físíìsì, kó mú bírò. Ohun tí wọ́n kọ́ wa nípa ẹ̀rọ àti "velocity ratio" ni gbogbo ẹ̀.

NAIN-WAN-WAN ÀTI ẸRẸ̀

Lọ́ọ̀rì bàbá mi, nain-wan-wan ni, ìyẹn Mercedes 911 tí imú ẹ̀ kúrú tó sì rí roboto. Ibi tí wọ́n bá ti ń kó pákó tàbí iyanrìn, ẹ máa rí irú ẹ̀ níbẹ̀. Ní Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe àwọn onímú kúkúrú yìí ní 1959. Nọ́ńbà yẹn nítumọ̀: 9 ni tọ́ọ̀nù mẹ́sàn-án, ìwọ̀n lọ́ọ̀rì pẹ̀lú ẹrù rẹ̀, 11 ni agbára ẹṣin 110. Nígbà tó yá, ilé-iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu náà bẹ̀rẹ̀ sí to lọ́ọ̀rì Mercedes pọ̀ ní Nàìjíríà níbí. Kí irú wọn tó gbòde, Bedford onípákó tí wọ́n ń pè ní bọ́lẹ̀kájà ni àwọn bàbá bàbá wa mọ̀. Bàbá mi kọ SÙÚRÙ LÉRÈ síwájú tiwọn.

Pákó ni wọ́n ń kó láti agbègbè Ìfọ́n àti Òkèlúsè, wọ́n á gba Ọ̀wọ̀ kọjá lọ sí Ìkàrẹ́, wọ́n á sì kó iṣu bọ̀. Tó bá di ìgbà òjò, ẹ má wulẹ̀ béèrè bí ọ̀nà inú igbó yẹn ṣe ń rí. Lọ́dún tó kọjá, dífù lọ́ọ̀rì náà jókòó sórí ẹrẹ̀. Dífù ni àgbá irin tó wà láàárín àwọn táyà ẹ̀yìn. Inú ẹ̀ ni jíà tó ń yí táyà wà. Táyà ń yí lásán, dífù ò kúrò nílẹ̀, bàbá mi sì sun inú igbó fún ọjọ́ méjì.

Bí wọ́n ṣe jáde níbẹ̀, wọ́n ní ó tó gẹ́ẹ́. Wọ́n yọ táyà 8.25-20 tó wà lẹ́sẹ̀ lọ́ọ̀rì náà, wọ́n ra 10.00-20 mẹ́fà tòkúnbọ̀. Wọ́n rà á pẹ̀lú ríìmù tirẹ̀, torí ríìmù táyà kékeré kò fẹ̀ tó, àti torí pé méjìméjì ni táyà ẹ̀yìn ń wà, wọn ò sì gbọ́dọ̀ fara kan ara wọn. Táyà àtijọ́ ga tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 97 láti ilẹ̀ dé orí. Tuntun tó nǹkan bí 105. Dífù wá fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin ga sí i. Ẹrẹ̀ ò mú bàbá mi mọ́. Òkè ló wá mú wọn.

KÍ LÓ DÉ TÍ TÁYÀ ŃLÁ FI Ń DÍN AGBÁRA KÙ?

Òkè tí wọ́n ń fi jíà kẹta gùn tẹ́lẹ̀ lẹ́yìn Ọ̀bà-Àkókó, jíà kejì ni wọ́n wá ń fi gùn ún. Ẹ́ńjìnnì ń laagun, èéfín dúdú ń jáde. Wọ́n ní dísù tí wọ́n rà ni kò dáa. Wọ́n tún ní àìsinmi ni. Èmi ní táyà ni, wọ́n ní kí n lọ kàwé mi.

Ẹ gbọ́ ìdí tí mo fi sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé korobá omi kan, kí ẹ dì í mú sún mọ́ àyà yín. Kò ṣe nǹkan kan. Ó yá, ẹ na apá yín jáde pẹ̀lú korobá kan náà. Omi ò pọ̀ sí i, àmọ́ apá á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Bí ẹrù bá ṣe jìnnà sí èjìká tó ń gbé e, bẹ́ẹ̀ ni agbára ṣe ń ná èjìká tó. Èjìká táyà ni irin àárín ẹ̀, ọwọ́ ẹ̀ ni ibi tó ti kan ilẹ̀. Táyà ńlá, ọwọ́ gígùn ni. Ẹ́ńjìnnì ò yí padà, àmọ́ títì tó ń dé ilẹ̀ dín kù.

Èmi àti àbúrò mi mú okùn, a fi yí táyà àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé ká. Sẹ̀ǹtímítà 305. A yí tuntun ká: 330. Ẹ pín 330 sí 305, ẹ máa rí 1.08. Ìyẹn ni pé tí táyà tuntun bá yí lẹ́ẹ̀kan, ó ń fi sẹ̀ǹtímítà 25 rìn ju ti àtijọ́ lọ. Ó dùn mọ́ni létí, àbí? Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀fẹ́ nínú ẹ̀rọ. Ohun tí ẹ bá jèrè nínú ìrìn, ẹ máa san án padà nínú agbára. Nínú gbogbo agbára 100 tó ń dé ilẹ̀ tẹ́lẹ̀, nǹkan bí 92 ló kù. Lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ, wọn ò ní mọ̀. Lórí òkè pẹ̀lú pákó tútù lẹ́yìn, wọ́n á mọ̀.

Mítà tó ń sọ iye eré náà bẹ̀rẹ̀ sí parọ́. Irin tó ń yí látinú jíà ni mítà yẹn ń kà, kò mọ̀ pé wọ́n ti pààrọ̀ táyà. Tó bá sọ pé 60, eré 65 ni wọ́n ń sá.

INÚ DÍFÙ

Ojú ẹ́ńjìnnì kọ iwájú, ṣáàfù gígùn kan sì ń gba abẹ́ lọ́ọ̀rì kọjá lọ sẹ́yìn, òun ni wọ́n ń pè ní pùròpẹ́là. Tó bá dé dífù, jíà kékeré kan wà lórí ẹ̀, orúkọ ẹ̀ ni píníọ̀nù. Píníọ̀nù ń yí jíà ńlá tó rí bí adé, ìyẹn kíráùnù. Kíráùnù ló ń yí táyà. Jíà mìíràn tún wà láàárín kíráùnù tó ń jẹ́ kí táyà ọ̀tún àti tòsì yí níyàtọ̀ tí lọ́ọ̀rì bá ń yà ní kọ́nà, torí táyà tó wà níta kọ́nà ń rìn jìnnà ju ti inú lọ. Ọmọ ilẹ̀ Faransé kan, Onésiphore Pecqueur, ló gbé irú ẹ̀ jáde ní bíi 1828, nígbà tí ẹ̀rọ alágbára ooru omi ni wọ́n ṣì ń dán wò lójú títì.

Tiwa, píníọ̀nù ẹ̀ ní eyín 8, kíráùnù ní 41. Ẹ pín 41 sí 8: 5.13. Píníọ̀nù ní láti yí ní ìgbà márùn-ún àti díẹ̀ kí táyà tó yí lẹ́ẹ̀kan. "Velocity ratio" tí a ń há sórí nìyẹn o, abẹ́ lọ́ọ̀rì ló ń gbé. Bí nọ́ńbà yìí bá pọ̀, lọ́ọ̀rì á lágbára, eré ẹ̀ á dín kù. Bó bá kéré, eré á pọ̀, agbára á dín kù.

Torí náà, tí táyà bá fi 1.08 tóbi sí i, nọ́ńbà dífù náà gbọ́dọ̀ fi bẹ́ẹ̀ tóbi sí i kí gbogbo nǹkan tó padà sí bó ṣe wà: 5.13 lọ́nà 330, pín in sí 305, ó jẹ́ 5.55. Eyín 7 àti 39 ì bá bá a mu rẹ́gí, torí 5.57 ni, àmọ́ a ò rí i rà. Èyí tí a rí ni 7 àti 41, tó jẹ́ 5.86. Ìyẹn á fún lọ́ọ̀rì lágbára díẹ̀ ju ti àtilẹ̀wá lọ. Mo ní kò burú, pákó kì í sáré.

Ẹ tún wo nǹkan kan. Kò sí nọ́ńbà tó lè pín 41 dọ́gba àfi 1 àti 41 fúnra ẹ̀. Kò ṣèèṣì. Eyín kọ̀ọ̀kan lára píníọ̀nù á bá gbogbo eyín 41 pàdé kó tó padà sórí èyí tó kọ́kọ́ bá pàdé. Bí wọ́n ṣe ń jẹ ara wọn mọ́ra nìyẹn, tí kò fi ní sí eyín kan tó jẹ ju èkejì lọ. Ẹ fi èyí sọ́kàn, òun ló dá wa lẹ́jọ́.

ÌṢIRÒ MI GBÀ, EYÍN Ò GBÀ

Bàbá mi wá gbà pé táyà ni. Inú mi dùn, mo ń yan káàkiri ilé. Wọ́n lọ sí ọjà tòkúnbọ̀ kan, wọ́n rí kíráùnù eyín 41 nínú òkìtì kan, wọ́n rí píníọ̀nù eyín 7 nínú òkìtì mìíràn. Nọ́ńbà pé, owó ẹ̀ rọjú. Mẹkáníìkì kan bá wa dì í níwájú ilé wa láàárín ọ̀sán kan ṣoṣo. Kò wọn nǹkan kan. Nígbà tí mo bi í bóyá ó yẹ kó wọn ààlà eyín, ó ní, "Ọmọ ilé ìwé, etí la fi ń gbọ́ ọ."

Òótọ́ ni, etí la fi gbọ́ ọ. Gbogbo Ọ̀wọ̀ ló gbọ́ ọ. Lọ́ọ̀rì lágbára, àmọ́ ó ń hu.

Ẹ bi ìyá yín léèrè nípa ọlọ. Ọlọ àti ọmọ ọlọ tí wọ́n ti jọ lọ ata fún ọdún mẹ́wàá, ojú wọn ti bára mu. Ẹ mú ọmọ ọlọ aládùúgbò wá sórí ọlọ tiyín, ata ò ní kúnná, ẹ ó kàn máa gbọ́ ariwo òkúta ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni kíráùnù àti píníọ̀nù. Láti ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń lọ̀ wọ́n pọ̀, wọ́n á sì fín nọ́ńbà kan náà sára àwọn méjèèjì kí ẹnikẹ́ni má bàa yà wọ́n. Tiwa, lọ́ọ̀rì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti wá. Nọ́ńbà tó wà lára wọn ò jọra rárá. Kò sẹ́ni tó wò ó. Èmi náà ò wò ó. Iye eyín nìkan ni mo kà.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, lórí òkè tó wà lẹ́yìn Ọ̀bà-Àkókó, eyín ya. Nígbà tí eyín dífù bá ya, ẹ́ńjìnnì lè máa ké títí, kò lè ti táyà síwájú, kò sì lè dá a dúró. Lọ́ọ̀rì bẹ̀rẹ̀ sí yí padà sẹ́yìn pẹ̀lú pákó. Bàbá mi tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Mọ́tò-bọ́ì wọn bẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú igi wẹ́ẹ̀jì, ó sọ ọ́ sábẹ́ táyà, ó dúró. Kò sẹ́ni tó fara pa. Ọkọ̀ akẹ́rò kan wà lẹ́yìn wọn.

Ẹ mọ irú òkè tó wà lójú ọ̀nà yẹn. Ní oṣù kìíní ọdún 2021, tírélà kan ya kúrò lójú títì ní Àkùngbá, lẹ́bàá yunifásítì tó wà níbẹ̀, ó pa èèyàn, akẹ́kọ̀ọ́ sì wà lára wọn. Mi ò sọ pé jíà ló fa ìyẹn. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tó bá ń gun òkè Àkókó tó sì ń sọ̀ ọ́, kò yẹ kó fi abẹ́ ọkọ̀ ẹ̀ ṣe "á á gbà bẹ́ẹ̀".

Owó tí bàbá mi fi sílẹ̀ fún ìforúkọsílẹ̀ WAEC mi ló bá ìkejì lọ. Wọn ò fẹ́ sọ fún mi. Ìyá mi ló sọ ọ́.

BÓ ṢE YẸ KÍ WỌ́N ṢE É

Lẹ́ẹ̀kejì, kíráùnù àti píníọ̀nù tí nọ́ńbà wọn bára mu ni bàbá mi rà ní Uwelu, ní ìlú Benin, 7 àti 41 náà ni. Bàbá àgbà kan tó ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ dífù ló wá dì í níwájú ilé wa nígbà ìsinmi. Èmi ni mò ń di tọ́ọ̀ṣì mú. Ọjọ́ méjì gbáko ló gbà wá.

Lákọ̀ọ́kọ́, a fi igi wẹ́ẹ̀jì dí táyà iwájú, a tú ọ́ìlì dífù sínú abọ́. Ọ́ìlì yẹn ń dán bí aṣọ òde. Irin tó lọ̀ kúnná ló wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn náà a tú pùròpẹ́là. Ṣáàfù méjì tó lọ sí táyà ọ̀tún àti òsì, ẹ lè fà wọ́n jáde láìyọ táyà rárá, nọ́ọ̀tì tó wà láàárín táyà nìkan ni ẹ máa tú. Orí dífù wúwo ju àpò símẹ́ǹtì lọ. Ṣéènì la fi sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ fi ẹsẹ̀ sábẹ́ ẹ̀.

Bàbá fọ gbogbo àgbá náà pẹ̀lú dísù, wọ́n sì yọ gbogbo béárìn àtijọ́ sọnù. Wọ́n ní béárìn tó ti jẹ irin, oúnjẹ tó jẹ á tún jáde lára ẹ̀.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Wáṣà tín-ínrín máa ń wà lẹ́yìn píníọ̀nù, òun ló ń sọ bó ṣe máa wọlé jinlẹ̀ tó lọ́dọ̀ kíráùnù. Bàbá pò ọ̀dà díẹ̀ mọ́ gírísì, wọ́n fi kun eyín bíi mélòó kan, wọ́n ní kí n yí píníọ̀nù. Ibi tí eyín bá ti kan ara wọn, ọ̀dà á kúrò níbẹ̀. Ìpàdé yẹn gbọ́dọ̀ wà láàárín eyín. Tó bá wà lókè ní ṣóńṣó eyín, píníọ̀nù jìnnà jù. Tó bá wà nísàlẹ̀ ní gbòǹgbò eyín, ó ti wọlé jù. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Bàbá tú u jáde láti pààrọ̀ wáṣà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n tún kùn ún.

Ààlà tún gbọ́dọ̀ wà láàárín eyín sí eyín, kí ọ́ìlì lè ráyè wọlé. Gééjì kékeré kan tó rí bí aago ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ààlà náà kò ju nǹkan bí ìdámẹ́rin mílímítà kan lọ. Ẹ ká bébà ìwé yín sí méjì, ẹ fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe nípọn nìyẹn, bóyá díẹ̀ lé. Ohun tó wà láàárín lọ́ọ̀rì tó dákẹ́ àti lọ́ọ̀rì tó ń hu kò ju bébà méjì lọ. Mẹkáníìkì àkọ́kọ́ ní etí la fi ń gbọ́ ọ. Etí á gbọ́ o, àmọ́ ẹ̀pa ò ní bóró mọ́ nígbà tó bá máa fi gbọ́.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọ́ìlì jíà tuntun, nọ́ńbà 90. Bàbá ní kí lọ́ọ̀rì kọ́kọ́ rìn láìkẹ́rù lọ sí Ẹmùrẹ́-Ilé kó sì padà, kí ẹnì kan fọwọ́ kan dífù. Tó bá gbóná débi tí ọwọ́ ò lè dúró lára ẹ̀, ẹ tú u. Tiwa lọ́wọ́ọ́rọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì a tún pààrọ̀ ọ́ìlì, torí eyín tuntun máa ń tu irin díẹ̀ sínú ẹ̀ níbẹ̀rẹ̀.

BÓ ṢE RÍ NÍSINSÌNYÍ

Jíà kẹta ti padà sórí òkè. Ní eré 60 nínú jíà tó ga jù, ẹ́ńjìnnì ń yí tó nǹkan bí 1,775 láàárín ìṣẹ́jú kan; pẹ̀lú táyà ńlá àti jíà àtijọ́, nǹkan bí 1,550 ni. Ìyẹn fi hàn pé lórí títì pẹrẹsẹ, ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ díẹ̀ sí i, bàbá mi ò sì lè sáré tó bíi ti tẹ́lẹ̀. Wọ́n ní wọn ò wá eré. Tí wọ́n bá ń sọ òkè, ẹ́ńjìnnì fúnra ẹ̀ ń fa lọ́ọ̀rì náà sẹ́yìn dáadáa, bíréèkì ò gbóná bíi ti tẹ́lẹ̀. Mítà eré ṣì ń parọ́, àmọ́ irọ́ ẹ̀ ti dára díẹ̀: tó bá sọ pé 60, 57 ni wọ́n ń sá.

Ẹ̀yin tí bàbá yín, ẹ̀gbọ́n yín tàbí ọ̀gá yín ní ọkọ̀ ńlá, ẹ bá mi sọ nǹkan mẹ́ta yìí fún wọn. Táyà kì í ṣe bàtà; tí ẹ bá pààrọ̀ ìwọ̀n ẹ̀, ẹ ti pààrọ̀ jíà nìyẹn. Kíráùnù àti píníọ̀nù, ọlọ àti ọmọ ọlọ ni, ẹ wo nọ́ńbà ara wọn kí ẹ tó sanwó. Ẹni tó bá sì máa dì í láìwọn nǹkan kan, kó má dì í.

Ní tèmi, mo ti kọ́ pé ìṣirò tó gbà lórí ìwé ò tíì parí títí ẹni tó máa fi irin ṣe é á fi wọ̀n ọ́n. Owó WAEC mi wọlé nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n ti ìforúkọsílẹ̀. Bàbá mi fún mi ní òwúrọ̀, wọn ò sọ nǹkan kan, wọ́n kàn ní, "Lọ kàwé ẹ."

Ní Mọ́ńdè tó kọjá, SÙÚRÙ LÉRÈ gba ẹ̀yìn ilé ìwé wa kọjá pẹ̀lú pákó nígbà tí a wà nínú ẹ̀kọ́ Ìṣirò. Kò sẹ́ni tó yíjú wò mí. Èmi nìkan ló mọ̀ pé òun ni.